Bàbá Fítà Dáhùn: Kọ́pílìn Wo Ni Kí N Fi So Stepper Mọ́ Síkúrù?

*Bàbá Fítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ń kan CNC, ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, fúnra mi, èyí tí màá fi máa gbẹ́ ojú ilẹ̀kùn àti pátákó orúkọ fún àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń múra sílẹ̀ fún Òjúde Ọba. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ 600 sí 900 mìlímítà. Stepper (mọ́tò tó ń yí ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀) NEMA 23 mẹ́ta ni mo rà, ṣáàfù wọn jẹ́ mìlímítà 6.35. Ball screw 1605, síkúrù tí góólì irin ń yí nínú nóòtì rẹ̀, ni mo fi sí X àti Y (síwá-sẹ́yìn àti ọ̀tún-sí-òsì), orí rẹ̀ tí kọ́pílìn máa dì mú jẹ́ 10. Síkúrù T8 lásán ni mo fi sí Z (òkè-sí-ìsàlẹ̀). Ẹni tó ń tajà kó oríṣi kọ́pílìn mẹ́rin síwájú mi: èyí tí wọ́n gé yíká bíi sípíríǹgì, èyí tó ní rọ́bà pupa láàárín, èyí tó ní irin pẹlẹbẹ tínrín nínú, àti èyí tó kàn jẹ́ irin kan gbọọrọ tí kì í tẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má ra èyí tó bá ń tẹ̀ rárá, pé iṣẹ́ mi ò ní gún. Oníléèdì kan, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ léèdì gé irin, ládùúgbò wa sì ní òun lè gé e fún mi. Èwo ni kí n ṣe, Bàbá?*
*Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Ọmọ mi, o ṣeun tó o kọ ìwọ̀n sínú lẹ́tà rẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ mi láìsọ ìwọ̀n kankan, èmi á wá máa méfò.

Ra èyí tó ní rọ́bà láàárín, kó o rà á fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sọ fún ẹni tó ń tajà pé "6.35 sí 10" lo fẹ́ fún X àti Y, àti "6.35 sí 8" fún Z. Má gbà kó fún ọ ní ihò 6.5 tàbí 7 kó ní kó o fi téèpù wé ṣáàfù. Mú vernier, irin tí a fi ń wọn ìnípọn, dání lọ sọ́jà. Kí ara kọ́pílìn náà fẹ̀ tó mìlímítà 25 tàbí 30. Èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, NEMA 17, stepper tó kéré sí tìrẹ, ni wọ́n ṣe é fún. Kó sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí bóòtì ń fún un pọ̀ mọ́ ṣáàfù yíká. Irú èyí tí síkúrù kékeré kan ń gún ṣáàfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bó ṣe ń gún ṣáàfù ló ń tì í kúrò láàárín gbùngbùn, ó sì máa ń dá egbò sí i lára débi pé lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ tú u, kò ní jáde.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo wá jù nínú lẹ́tà rẹ ni o ò kọ síbẹ̀. Kí ló di síkúrù rẹ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò? O dárúkọ mọ́tò, o dárúkọ síkúrù, o ò dárúkọ bẹ́árìn.

Wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Nígbà tí router, mọ́tò tó ń yí ọ̀bẹ tó ń gbẹ́gi, bá wọnú igi ìrókò, igi á máa tì í padà. Èyí tí igi ń tì, ara síkúrù ló ń bọ́ sí, síkúrù á fẹ́ máa sún síwá sẹ́yìn. Síkúrù 1605 máa ń gbé nǹkan lọ ní mìlímítà 5 fún yíyí kan. Bí stepper rẹ bá fi agbára Newton-mítà 1 yí i, tí ìdá 90 nínú 100 agbára náà sì dé ibi iṣẹ́, síkúrù náà lè fi nǹkan bíi Newton 1,130 ti nǹkan. Ìyẹn jẹ́ ìwọ̀n ẹrù kílò 115, ó ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ. Bí síkúrù bá ń fi irú agbára yẹn ti iwájú, ohun kan gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́yìn. Bẹ́árìn inú stepper ò lè gbà á, nítorí wọn ò ṣe é fún ìtì bẹ́ẹ̀. Kọ́pílìn náà ò sì lè gbà á. Alárinà ni kọ́pílìn: ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilé kan dé èkejì, òun kọ́ ló máa ru ẹrù ìyàwó.

BK12, ilé bẹ́árìn tí wọ́n ṣe fún irú síkúrù yìí, ló máa gbà á. Bẹ́árìn méjì ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ń gba ìtì láti iwájú àti láti ẹ̀yìn, nóòtì kan sì wà tó ń dì wọ́n mọ́ síkúrù pinpin. Ẹ̀gbẹ́ mọ́tò lo máa fi BK12 sí. BF12, ilé bẹ́árìn tó bá a rìn, á wà ní orí síkúrù kejì. Iṣẹ́ BF12 ni pé kí orí síkúrù má jábọ́ kó má sì máa mì. Ó fi síkúrù sílẹ̀ kó lè gùn díẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Bí owó rẹ bá kù díẹ̀ káàtó, ra BK12 gidi, kó o ra kọ́pílìn tó dínwó. Má ṣe é ní òdìkejì. Mo ti rí ẹ̀rọ tí olówó rẹ̀ ra kọ́pílìn olówó iyebíye sí, tó wá fi bẹ́árìn kẹ̀kẹ́ di síkúrù mú. Gbogbo ìlà tí ẹ̀rọ náà gbẹ́ ló rí wọ́gọwọ̀gọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ, jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kó o lè rí i fúnra rẹ. Ká ní rọ́bà náà yí ní dígírì 1 gbáko nígbà tí mọ́tò ń fi agbára yí síkúrù. Dígírì 360 ló wà nínú yíyí kan, yíyí kan sì jẹ́ mìlímítà 5. Pín 5 sí ọ̀nà 360: 0.014 mìlímítà. Ewé bébà kan ṣoṣo tí à ń kọ̀wé sí nípọn tó 0.1, ìyẹn ìlọ́po méje rẹ̀. Igi tí ò ń gbẹ́ fúnra rẹ̀ á wú jù bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò òjò, á sún kì jù bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò ọyẹ́. Lórí Z, níbi tí T8 ti ń rìn mìlímítà 8 fún yíyí kan, dígírì 1 jẹ́ 0.022. Lójú ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Yíyí yàtọ̀ sí pléè o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dà á pọ̀. Rọ́bà tó yí díẹ̀ á padà sípò nígbà tí agbára bá kúrò lórí rẹ̀. Pléè ni kí mọ́tò yí padà kí síkúrù má tíì gbéra. Ìyẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́: ó ń sọ róbótó di ẹyin, ó sì ń jẹ́ kí igun lẹ́tà fọ́ lójú pátákó. Kọ́pílìn onírọ́bà tuntun kò gbọ́dọ̀ ní pléè rárá. Bí o ṣe máa mọ èyí tó dáa nìyí: ti rọ́bà náà sáàárín eyín irin rẹ̀ lọ́jà níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ le díẹ̀ kó tó wọlé. Bó bá bọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, dá a padà. Ṣàkíyèsí líle rọ́bà náà pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó lórúkọ, pupa ni 98 lórí òṣùwọ̀n Shore A, yẹ́lò ni 92, èyí tó tún le jùyẹn lọ ni gíríìnì. Lórí ọjà olówó pọ́ọ́kú, àwọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí nǹkan kan, èékánná rẹ ni kó o fi dán an wò: èyí tó bá rọ̀ bíi sìlípáàsì, má rà á. Ra rọ́bà mélòó kan sílẹ̀, torí òun ló máa ń jẹ, irin rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan.

Rọ́bà yìí tún ní àǹfààní kan tí àwọn ènìyàn kì í kà kún. Stepper máa ń gbọ̀n ní àárín eré rẹ̀, ìgbọ̀n náà á pọ̀ débi pé á pàdánù ìṣísẹ̀, iṣẹ́ á yà kúrò lójú ìlà. Rọ́bà ń pa nínú ìgbọ̀n náà. Irin lásán kì í pa á.

Ọ̀rẹ́ rẹ ò purọ́ tán o. Bó bá jẹ́ irin lò ń gé, tó sì jẹ́ servo, mọ́tò tó ń ṣọ́ ipò ara rẹ̀, lo lò, èmi náà á ní kó o ra èyí tó ní irin pẹlẹbẹ tínrín nínú. Ó le gan-an ní yíyí, kì í ní pléè. Àmọ́ bó bá jẹ́ irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ló ní, ṣáàfù méjèèjì lè dagun síra wọn díẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ yà síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Oní-méjì nìkan ló ń gba méjèèjì. Owó rẹ̀ ga, iṣẹ́ igi ò sì bèèrè rẹ̀.

Èyí tí wọ́n gé bíi sípíríǹgì, di orí méjèèjì mú kó o tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wàá rí i pé ó ń sún kì. Lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D kékeré ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Lórí NEMA 23 tó ń gbẹ́ igi líle, ojú ibi tí wọ́n gé yẹn ló máa sán. Ti alápá mẹ́ta tí ike kan ń yọ̀ láàárín rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Oldham, wọn ò kó o wá fún ọ, ṣùgbọ́n o lè bá a pàdé. John Oldham, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Ireland, ló ṣe é ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn nítorí ọkọ̀ ojú omi. Òun ló fara da ṣáàfù tó yà síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jù lọ, ṣùgbọ́n ike rẹ̀ máa ń jẹ, pléè á sì dé.

Irin gbọọrọ tí kì í tẹ̀ ni oníléèdì ń sọ pé òun lè gé. Ó lè gé e lóòótọ́. Ìbéèrè tó o máa bi í kó tó bẹ̀rẹ̀ ni pé, ṣé yóò lu ihò 6.35 àti ihò 10 láìtú irin náà kúrò lẹ́nu léèdì? Kó kọ́kọ́ lu èyí tó kéré já, kó wá fẹ ìdajì rẹ̀ sí 10 láti ojú kan náà. Bó bá lu apá kan, tó tú u, tó yí i padà, tó wá lu apá kejì, ihò méjèèjì ò ní bára wọn gún. Ká tiẹ̀ ní ó ṣe é dáadáa, irin gbọọrọ ò ní forí jì ọ́ bí mọ́tò àti síkúrù ò bá wà lójú ìlà kan. Ṣáàfù á máa tẹ̀ ní gbogbo yíyí, mọ́tò á gbóná, bẹ́árìn iwájú rẹ̀ á jẹ. Lo oníléèdì náà fún nǹkan mìíràn: pẹpẹ irin tí wọ́n máa de mọ́tò mọ́. Kó gé e kí ojú rẹ̀ dúró ṣánṣán sí síkúrù. Ibẹ̀ gan-an ni owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti máa hàn.

Torí pé kò sí kọ́pílìn tó ń tún ìtò wíwọ́ ṣe. Nígbà tí mo ń ṣe fítà ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ṣágámù, kéréènì la fi ń gbé àwọn kọ́pílìn kan, kọ́pílìn onírọ́bà sì ni púpọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, a kì í tan mọ́tò àyàfi tí a bá ti gbé dial gauge, òṣùwọ̀n oníabẹ́rẹ́, sí i, tí a yí i yíká, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró síbi tó yẹ. Ẹ̀rọ tìrẹ kéré, òfin kan náà ló mú un.

Bó o ṣe máa tò ó nìyí. De BK12 àti BF12 láìfún wọn pa. Ti gantry, apá ẹ̀rọ tó ń rìn tó ru router, wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ BK12 pátápátá, kó o tó fún bóòtì BK12. Tì í lọ sí ìkejì, kó o tó fún BF12. Báyìí, síkúrù fúnra rẹ̀ ló máa yan ibi tí kò ti ní há. Fi ọwọ́ yí i: bó bá fúyẹ́ láàárín tó wá wúwo létí kan, tú etí yẹn, tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni kó o gbé mọ́tò dé. Ki ìdajì kọ́pílìn kan bọ ṣáàfù mọ́tò, ìdajì kejì bọ síkúrù, kó o má tíì fi rọ́bà sí i. Gbé rúlà irin lé orí méjèèjì, lókè, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Tan iná tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, mọ́tò ti lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ jù níbẹ̀. Gé agolo mínírà láti fi sábẹ́ ẹsẹ̀ mọ́tò. Ara agolo náà nípọn tó bíi 0.1 mìlímítà, kò sí irin tó dínwó jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ò bá yọ mọ́, fi rọ́bà sí i, kó o fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ kí eyín irin apá kan má kan ìdí apá kejì, kí orí ṣáàfù méjèèjì má sì pàdé nínú rẹ̀. Fi sípírítì nu ṣáàfù àti inú ihò kọ́pílìn, kí òróró má kù níbẹ̀, torí òróró ló ń jẹ́ kó yọ̀. Ìgbà náà ni kó o tó fún bóòtì kọ́pílìn, òun ni ìkẹyìn. Mú màkà, fa ìlà kan láti ara kọ́pílìn kọjá sára ṣáàfù, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, wo ìlà náà. Bó bá ti já sí méjì, kọ́pílìn ti yọ̀ lórí ṣáàfù, ò báà jẹ́ pé o ò gbọ́ ìró kankan. Máa wò ó ní gbogbo ìgbà tó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá.

Bó o bá sì rí ìgbì wẹ́wẹ́ lójú pátákó, tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní gbogbo mìlímítà 5, má lọ máa dá router lẹ́bi. Yíyí síkúrù kan ni mìlímítà 5. Síkúrù ti tẹ̀ tàbí mọ́tò ò gún. Padà sídìí rúlà àti tọ́ọ̀ṣì.

Z ni mo fi ṣẹ́yìn nítorí òun ló léwu jù. Apá méjì kọ́pílìn onírọ́bà kò so mọ́ra wọn. Bó o bá fà wọ́n, wọ́n á yà. Router tó wúwo ń fa síkúrù Z sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí kò bá sí bẹ́árìn tó di síkúrù náà mú, kọ́pílìn á yà lọ́jọ́ kan, router á já lulẹ̀ sórí ilẹ̀kùn oníbàárà. Ra bẹ́árìn KFL08 méjì, ihò wọn jẹ́ 8, kó o de ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀. Wá fi òrùka irin oníbóòtì há síkúrù mọ́ bẹ́árìn òkè, lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀, kó má lè gòkè kó má lè sọ̀kalẹ̀. Má tan ẹ̀rọ náà kó o tó ṣe èyí, ọmọ mi.

*Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ní ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ọmọ mi ra mọ́tò oníná, ó ní òun fẹ́ fi kọ́pílìn so ó mọ́ ẹ̀rọ ní tààrà ká bọ́ lọ́wọ́ bẹ́líìtì ríra. Ṣé kí n gbà fún un?*
*Ìyá Onígààrí, Òdógbolú*

Ẹ ṣé, Ìyá mi, ẹ kú làálàá. Ẹ má gbà fún un o. Òkúta àti ìṣó máa ń bá ẹ̀gẹ́ wọlé. Lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ bá há sẹ́nu ẹ̀rọ, bẹ́líìtì á yọ̀, á rùn, ẹ ó paná, ọ̀rọ̀ á parí. Bó bá jẹ́ kọ́pílìn ni, nǹkan kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́ tàbí kí mọ́tò jó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, púpọ̀ nínú mọ́tò oníná ń yí tó ìgbà 1,450 ní ìṣẹ́jú kan, àwọn mìíràn ń yí tó 2,900. Púlì ńlá àti kékeré ló ń jẹ́ kí ẹ lè dín eré yẹn kù. Kọ́pílìn kì í dín nǹkan kan kù.

Bí bẹ́líìtì bá ń yára já, ẹ ní kí ọmọ na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá ojú púlì méjèèjì. Kí okùn náà fara kan etí méjèèjì ní púlì kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá kàn án, púlì ò gún, òun ló ń jẹ bẹ́líìtì. Bí àárín púlì kan sí èkejì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, kí àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà 1, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má dín. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ ní kó fi páànù bo bẹ́líìtì náà kí ẹ tó lò ó. Ìró àti ìborùn àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ni mo ń rò.

*Ẹ káàsán sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè. Kọ́pílìn 5 sí 8 tó wà lórí Z ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D mi ti sán lójú ibi tí wọ́n gé. Ṣé kí n ra onírọ́bà bíi ti àwọn oní-CNC?*
*Ọmọ Yunifásítì*

Rárá, ra irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mọ́tò ló ń gbé síkúrù náà dúró lórí ẹ̀rọ tìrẹ, kò sí bẹ́árìn mìíràn tó ń ràn án lọ́wọ́. Onírọ́bà lè yà síra wọn tí síkúrù bá gbéra sókè. Ohun tó sán an ni kó o wá. Bí o bá de bẹ́árìn mọ́ orí síkúrù lókè, tí bẹ́árìn náà ò sì bá mọ́tò gún, tú u kúrò. Lórí ẹ̀rọ kékeré, orí síkúrù tó dá dúró lókè sàn ju èyí tí wọ́n fi ipá mú lọ. Kí o tó fún kọ́pílìn tuntun, rí i pé ara rẹ̀ tí wọ́n gé ò nà, kò sì sún kì, kí ojú ibi tí wọ́n gé ṣí bákan náà yípo. Lẹ́yìn náà, tú bóòtì mọ́tò díẹ̀, gbé Z sọ̀kalẹ̀ títí á fi kù díẹ̀ kó kan mọ́tò, jẹ́ kí mọ́tò jókòó síbi tó bá wù ú, kó o wá fún bóòtì rẹ̀ níbẹ̀.